Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ títi Windows 10 lẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lé tó ti wà nígboro. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sáré gbé Windows 11 wọ kọ̀ǹpútà wọn. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ̀hún, èyí tọ́rọ̀ rẹ̀ kàn mí jù ni èyí tá a fọwọ́ ara wa tò pọ̀: èèyàn ra motherboard ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà, ó ra processor ní òdìkejì ọ̀nà, ó ní kí wọ́n bá òun wá káàdì àwòrán tó lágbára, wọ́n sì dè é pọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ń lò ó, àwọn tó ń gé fíìmù ń lò ó, àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ náà ń lò ó, torí pé agbára rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ gbígbé Windows 11 wọ̀ ọ́ á bẹ̀rẹ̀, á dé agbedeméjì, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn títí. Nígbà tó bá máa ṣí, Windows 10 àtijọ́ náà ló máa padà wá, pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ kan tí kò yé ẹni tó ni ín. Ó di ọ̀dọ̀ atúnṣe. Gbólóhùn tó sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu atúnṣe ni, “Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀.” Gbólóhùn yẹn ni mo wá takò lónìí.

Fọ́máàtì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń bá a lọ. Fọ́ǹtì tí ayàwòrán ti ń kó jọ láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àtẹ bọ́tìnnì tó fúnra rẹ̀ ṣètò kó lè máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Sọ́fítíwià tó fowó rà, tí kò sì mọ ibi tó kọ nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀ sí mọ́. Wọ́n á ní àwọn ti bá a kó fáìlì rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n Documents àti Pictures ni wọ́n kó. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ohun tó fa ìkùnà náà lè má kúrò. Bó bá jẹ́ inú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ló wà, kò sí fọ́máàtì tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ti kọ ohun tó ṣe é sílẹ̀. Lórí C, fóldà kan wà tí Windows fi pamọ́, $WINDOWS.~BT lorúkọ rẹ̀. Ẹ wọ Sources, ẹ wọ Panther, ẹ ó bá setuperr.log àti setupact.log níbẹ̀. Bó bá ṣòro kà, Microsoft ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan, SetupDiag, tó ń bá èèyàn kà á. Nọ́ńbà tó yọ lójú ẹ̀rọ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 0x80070070, àyè ni kò tó. Bó bá jẹ́ 0xC1900208, sọ́fítíwià kan wà níbẹ̀ tí Windows 11 kò lè bá gbé. 0xC1900101 ló ń dẹ́rù bani jù, driver ló sì sábà máa ń tọ́ka sí. Ẹ wá driver tuntun fún motherboard àti káàdì àwòrán, ẹ yọ printer àti dísìkì ìta, ẹ yọ antivirus tí ẹ gbé wọ̀ ọ́, kí ẹ tó tún un gbìyànjú.

Kọ̀ǹpútà tó ti ọ̀dọ̀ Dell tàbí HP wá, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yan gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, òun náà ló sì ń fi àtúnṣe BIOS ránṣẹ́. Tiwa, àwa ni ilé iṣẹ́ náà. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n sọ fún pé kọ̀ǹpútà wọn kò ní in ló ní in. Inú ẹ̀rọ náà ló ti wà, Intel ń pè é ní PTT, AMD ń pè é ní fTPM, ọ̀pọ̀ motherboard ló sì ti ilé iṣẹ́ jáde láìtàn án. Ká wọ BIOS, ká tàn án, ó parí. Ó ń dùn mí gan-an kí èèyàn ta ẹ̀rọ tó dáa ní ọ̀pọ̀ nítorí èyí.

Windows 11 tún ń fẹ́ kí ẹ̀rọ lè lo Secure Boot; ìyẹn ló gba sùúrù. Bó bá jẹ́ ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi gbé Windows 10 sórí rẹ̀, MBR ni dísìkì náà, UEFI, ìlànà tuntun tí Secure Boot ń lò, kò sì ní rí Windows lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kàn lọ pa CSM, ètò tó ń jẹ́ kí ìlànà àtijọ́ ṣiṣẹ́, nínú BIOS, ojú dúdú ló máa bá, wọ́n á sì ní dísìkì rẹ̀ ti kú. Kò kú. Kó dá CSM padà, Windows 10 á tún jí. Lẹ́yìn náà kó lo mbr2gpt, tó ti wà nínú Windows láti ọdún 2017: kó fi /validate yẹ dísìkì náà wò, kó tó fi /convert sọ ọ́ di GPT. Kì í pa fáìlì rẹ́, síbẹ̀ kí ẹ̀dà fáìlì ti wà lórí dísìkì mìíràn ṣáájú. Bí BitLocker, tó ń ti dísìkì pa, bá sì wà lórí ẹ̀rọ náà, kí nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 tó ń ṣí i ti wà lọ́wọ́ ká tó fọwọ́ kan BIOS rárá.

Ohun mìíràn tí wọn kì í wò: a máa ń ra SSD tuntun láìyọ dísìkì àtijọ́. Windows lè wà lórí SSD, kí fáìlì tó ń jí i ṣì wà lórí dísìkì àtijọ́. Ìpín kékeré tí fáìlì yẹn wà nílò àyè tó ṣófo bíi 15MB. Bí kò bá rí i, gbogbo iṣẹ́ náà dúró nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 300GB ló ṣófo lórí C.

Ẹ má sì fi iná NEPA nìkan ṣe àtúnṣe BIOS. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, motherboard lè má jí mọ́. Bí kò bá sí UPS tàbí inverter, ẹ fi í dọjọ́ mìíràn.

Òótọ́ ni pé àwọn kan kò lè kọjá. Processor Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, Microsoft kò gbà á. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn fún ẹ̀rọ téèyàn fi ń jẹun, torí Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún un. Ètò ESU, tó ń fún Windows 10 ní àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, sàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, kí ọmọ mọ setuperr.log kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi flash fọ́máàtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn, ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà náà fún yín kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó gbà kí wọ́n pa ohunkóhun rẹ́. Orúkọ motherboard, ẹ̀dà BIOS rẹ̀, orúkọ processor àti ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n, ẹ kọ ọ́ sí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ náà.