Olúkúlùkù Ni Kí Ó Mọ Ọjọ́ Owó-Orí Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ owó-orí, ojú ọ̀pọ̀ àgbà ni ó máa ń yí padà. Wọn kò jẹ̀bi. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá gbé ìjà Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí pé owó-orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ìwà àwọn tí ń gbà á sì burú. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé, ní òde òní, àìmọ ọjọ́ lè jẹ ènìyàn níyà ju owó-orí fúnra rẹ̀ lọ. Ìwọ tí o ń múra ìdánwò yìí, tí o ó sì di òṣìṣẹ́ láìpẹ́, gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ọdún owó-orí ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ni ó ń parí. (Má ṣe bi ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 6 oṣù Igbe ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀.) Bí ọdún bá ti parí, olúkúlùkù ní oṣù mẹ́ta, títí di ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, èyí tí í ṣe Máàṣì, láti kọ gbogbo ohun tí ó rí ní ọdún tí ó kọjá sínú ìwé, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé. Mo ní ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, n kò ní ìlú abínibí rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí ó fi Ìkẹjà ṣe ibùgbé, Ìpínlẹ̀ Èkó ni yóò san án fún.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Òṣìṣẹ́ oṣù ni mí, ọ̀gá mi ń yọ ọ́." Òtítọ́ ni. Agbanisíṣẹ́ ń yọ owó-orí nínú owó oṣù, ó sì gbọ́dọ̀ san án kí ọjọ́ 10 oṣù tí ó tẹ̀lé e tó kọjá. Ó tún gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ti ọ̀gá kì í ṣe ìwé tìrẹ. Bí o bá ń ta aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ta ni yóò bá ọ kọ ìyẹn?

Wo aránṣọ kan. Kí a sọ pé èrè rẹ̀ ní ọdún 2026 jẹ́ ₦1,400,000, tí ó sì san ₦300,000 fún ilé tí ó ń gbé. Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún náà ní kí a yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé kúrò, ìyẹn ₦60,000. Kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ó ku ₦540,000. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni owó-orí: ₦81,000. Owó gidi ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2027 bá kọjá láìfi ìwé ránṣẹ́, owó ìtanràn oṣù kìn-ín-ní nìkan jẹ́ ₦100,000, oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tún fi falẹ̀ sì jẹ́ ₦50,000. Ìtanràn ju gbèsè lọ!

Ìjọba pàápàá ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí a ti ń polówó ìdìbò lórí rédíò, ó yẹ kí a máa polówó ọjọ́ wọ̀nyí ní èdè tí àwọn ará ọjà gbọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró de ìjọba. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ni àwọn ayédèrú agbowó-orí máa ń rí mú. Wọn a gbé ìwé wá ní oṣù Ọ̀wàrà, wọn a ní owó ti pé, ẹ̀rù a sì bà á, a sì sanwó. Ẹni tí ó mọ̀ yóò kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ọdún wo ni ẹ ń gbà, ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà sì dà?