Ẹ Má Fojú Di Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Iná Ìléru

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì fẹ́ gbé e mì. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa bá sọ pé iṣẹ́ ṣíṣe eyín àtọwọ́dá ni òun ń kọ́, àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Ṣé amọ̀kòkò lo fẹ́ dà ni?" Lójú tiwọn, dókítà eyín ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó wà nídìí ìléru kàn ń yan nǹkan bí ẹni yan búrẹ́dì ni. Èrò tiwa ni pé nídìí iná gan-an ni eyín ti ń di eyín.

Ẹ jẹ́ ká mú séràmíìkì tí wọ́n ń pè ní lithium disilicate. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gé e tán, àwọ̀ búlúù ló ní. Lithium metasilicate ni kírísítálì inú rẹ̀ nígbà náà, ó kéré, ó sì rí pẹlẹbẹ. Agbára rẹ̀ láti fara da títẹ̀ kò ju nǹkan bí 150 MPa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 850°C, kírísítálì yẹn á yí padà di lithium disilicate, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á há mọ́ra wọn bí ẹní tí a hun, tí sísán kò fi ní rọ́nà kọjá. Búlúù á lọ, àwọ̀ eyín á jáde, agbára rẹ̀ á sì ju 350 MPa lọ. Kò sẹ́ni tó bu èròjà kankan kún un. Iná ló tún inú rẹ̀ tò.

Zirconia náà ní tirẹ̀. Bó bá gbóná dé nǹkan bí 1170°C, ètò kírísítálì rẹ̀ á yí padà. Bó bá ń tutù, á padà sí ti àtijọ́, á wú, á sì fọ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po yttria díẹ̀ mọ́ ọn, kí ètò ìgbà tó gbóná lè dúró bó bá tutù. Bí eyín náà bá wá fẹ́ sán lẹ́yìn náà, àwọn kírísítálì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á wú, wọ́n á sì fún sísán náà pa. Ní 1975, Garvie, Hannink àti Pascoe fi irú séràmíìkì yìí wé irin. Síbẹ̀, bí iná bá pọ̀ jù, kírísítálì á tóbi jù, ètò náà á sì máa yẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ ẹni tó ń yan búrẹ́dì nìyí? Ojú lásán kò rí kírísítálì. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lójijì nígbà tí eyín wà nínú ìléru, tàbí tí ẹnì kan bá dín àkókò kù nítorí pé oníbàárà ń kánjú, eyín tí kò jinná lè jọ èyí tó jinná. Ẹnu ẹni tó ti sanwó ni àṣírí á ti tú, nídìí eegun ẹran. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má kọ́ bọ́tìnnì títẹ̀ nìkan. Ẹ kọ́ ohun tí iná ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ máa di dókítà eyín, ẹ má fi ìkánjú ti ẹni tó ń ṣọ́ ìléru. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa di aláṣẹ lọ́la, ẹ má dá ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láìsí iná tó dúró ṣinṣin.

Ní ti amọ̀kòkò tí wọ́n ń pè yín, ẹ má bínú. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá náà ti gbọ́ nípa àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin. Wọ́n mọ̀ pé ìkòkò tí iná kò bá sun, omi ni yóò tú u. Oyè ni orúkọ náà, ẹ jẹ́ ẹ o.