Ta Ni Ó Tẹ Ararat Dó?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, èmi kò gbà pé ẹni tí ó sọ òkè lórúkọ ni ó tẹ ìlú dó. Horatio Wills, ọlọ́sìn àgùntàn, ni ó pe òkè kan ní Victoria, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní Ararat ní nǹkan bí ọdún 1840. Ó sinmi níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìlú dà?

Ní 1855 ìjọba Victoria bu owó orí pọ́n-ùn 10 lé olúkúlùkù ará Ṣáínà tí ó bá bá ọkọ̀ òkun wọlé. Nítorí náà wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Robe, ní South Australia, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi wúrà. Lójú ọ̀nà yìí ni àwọn kan nínú wọn ti kan wúrà púpọ̀ lẹ́bàá òkè Wills ní 1857. Èrò rọ́ dé, ìlú sì dìde. Ẹ ò rí i pé owó orí tí a fi ń lé wọn ni ó sìn wọ́n dé ìdí wúrà! Àwọn ni mo fún ní oyè náà.

Bí ẹnìkan bá sì ní ilẹ̀ àwọn Djab Wurrung ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ ni ó wí. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè kí ó tó sọ òkè lórúkọ, tàbí kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀ wọn.