Ìwé Àdàkọ Kò Gbọdọ̀ Kọ́ Kíláàsì Wa

Bíríkìlà ni bàbá mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé wa fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́ta tuntun, wọ́n fún un ní ìwé kan tó sọ irú ohun èlò tí wọ́n fẹ́ àti bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà èmi ni mo jókòó tì í lálẹ́ tí mo ń kà á fún un. Ní ojú ewé kẹta, mo rí orúkọ ilé-ìwé mìíràn. Ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n dà kọ, wọn kò tilẹ̀ rántí pa orúkọ náà rẹ́!

Ẹ̀rín pa bàbá mi. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí inú kíláàsì tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń jókòó sí: páànù tí kò ní àjà lábẹ́, fèrèsé tó dojú kọ oòrùn ìrọ̀lẹ́. Tó bá di aago kan ọ̀sán, ìwé tó yẹ kí a máa kà ni a fi ń fẹ́ ara wa. Bí òjò bá dé, ariwo páànù á bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀. Ilé alámọ̀ bàbá mi àgbà, tí àwọn kan ń pè ní ilé òtòṣì, tutù ju ibẹ̀ lọ.

Mo ní kí bàbá mi bi ìgbìmọ̀ ìkọ́lé bóyá a lè yí ìwé náà padà, kí ó sọ nípa ilé tó tutù, tí kò jẹ sìmẹ́ǹtì púpọ̀. Owó tí ìyá mi ń rí nídìí ẹ̀kọ títà wà nínú owó tí wọ́n fẹ́ ná yìí, owó sìmẹ́ǹtì sì ń gòkè ṣáá. Yàtọ̀ sí owó, iná tó gbóná tó 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun kó tó di sìmẹ́ǹtì, èéfín rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Èsì tí ìgbìmọ̀ fún bàbá mi ni pé kò sí ibi tí ènìyàn ti lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò ní ilẹ̀ wa.

Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́. A kò wá a ni.

Ìwé òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti wà láti 2006. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé òmíràn jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná mànàmáná ṣòfò. Ọ̀rọ̀ fèrèsé, ìbòji àti òrùlé wà nínú rẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí ilé àti ojú ọ̀nà, NBRRI, ní ibùdó ní Ọ̀tà, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù. Ṣé Ọ̀tà náà jìnnà ni?

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando, ní Burkina Faso. Ọmọ abúlé náà, Francis Kéré, ló yàwòrán rẹ̀ nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2001. Amọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n po mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Wọ́n gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ooru lọ. Páànù náà yọ síta dáadáa kí òjò má baà na ògiri. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, ayàwòrán ilé àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gbà á.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: òjò yóò wó ilé amọ̀. Yóò wó o lóòótọ́, bí a bá kọ́ ọ bó ṣe wù wá. Ìyẹn gan-an ni ìwé iṣẹ́ wà fún. Ìwé àdàkọ tí mo kà fún bàbá mi ní kí búlọ́ọ̀kù jẹ́ èyí tó dára. Dára báwo? Ta ni yóò dán an wò? Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ "dára" yìí ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń sá sí. Kí ìwé náà sọ bí ìpìlẹ̀ yóò ṣe ga tó, bí òrùlé yóò ṣe yọ síta tó, iye sìmẹ́ǹtì tí a ó pò mọ́ ilẹ̀, iye ọjọ́ tí a ó fi máa wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìbòji, àti ẹni tó lè ní kí wọ́n kó èyí tí kò dára kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Bàbá mi mọ ilẹ̀ tó máa ń sán àti èyí tó máa ń dì, ó ti ń fọwọ́ kàn án fún ogún ọdún. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ti fi ọ̀nà kan hàn wá. Ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè, ẹ ó sì rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀ tí amọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sán bó bá gbẹ. Èyí tó jẹ́ yanrìn nìkan kò ní dì mọ́ra. A ti bu ilẹ̀ láti ibi mẹ́ta lẹ́yìn pápá. Ìgò mẹ́ta náà wà lójú fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni àwọn òbí yóò dìbò lórí ìwé àdàkọ yẹn. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó nawọ́ sókè, ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀ wò ó.