Ta Ni Ó Ní Òkè Gígùn Kì í Ṣe Tiwa?

Bí ọmọ wa tí ó wà lókè òkun bá fi àwòrán ránṣẹ́ sílé pé òun gun òkè oníyìnyín, ohun tí àwọn àgbà Alímọ̀ṣọ́ máa ń wí ni pé: "Ìranù òyìnbó! Ta ni ó rán an níṣẹ́?" Mo gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, n kò sì lè dákẹ́ sí i mọ́.

Kí ni ọmọ náà ń ṣe gan-an? Ẹ̀rọ kọ́ ni ó ń fà á gòkè. Ó de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, tí à ń pè ní síkì, mọ́ bàtà. Ó lẹ awọ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ padà sẹ́yìn. Ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀. Yìnyín lè ya lulẹ̀ lójijì kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ṣọ́bìrì, àti ọ̀pá tí a fi ń wá ẹni tí yìnyín bò. Ó ti gbẹ́ yìnyín wò ní ìpele-ìpele. Bí kò bá dára, a padà. Ìranù ha nìyí bí?

Ọdẹ ni èmi rí. Ẹran ń bẹ lórí àjà, síbẹ̀ ọdẹ tún wọ igbó lóru. Ẹni tí ó bá rò pé ẹran nìkan ni ọdẹ ń wá kò tíì gbọ́ ìjálá rí. Láti 1938 ni Fágúnwà ti kó àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó nínú ìwé rẹ̀, a sì ń yìn wọ́n ní akọni. Kí ló dé tí akọni inú ìwé fi di wèrè nígbà tí ó di ọmọ wa?

Ẹlòmíràn á ní ogun ni ó lé àwọn baba wa dé orí òkè, bí ó ti lé àwọn Ẹ̀gbá dé Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ogun ti parí, àwọn ará Ìdànrè sì ti sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀rúndún tó kọjá. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣọdún Orósùn, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni ó kù.

Ní 2018, a pàtẹ́wọ́ fún Simidele Adeagbo àti Seun Adigun lórí yìnyín ní Pyeongchang. Ní 2022, Samuel Ikpefan fi síkì díje lórúkọ Nàìjíríà ní Beijing. Ṣé ìgbà tí ènìyàn bá wọ aṣọ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó ní làákàyè?

Àwa gan-an ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wa. A ti fi ṣọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn àríyá kún gbogbo ilẹ̀ gbalasa, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgándò dàgbà láìmọ òkè mìíràn ju òkìtì ààtàn Solous lọ. Olúmọ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ.

Bí àwòrán mìíràn bá sì dé láti orí òkè, ẹ má bèèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí, àti ẹni tí ó bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí ọdẹ tí ó ti oko ọdẹ bọ̀.