Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá dúró lókèèrè wo ògiri lọ́sàn-án gangan yóò ní ìdùbúlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń yáàrùn, ìkejì ń ṣọ́ kòkòrò, ìnira ló gbé ìkẹta délẹ̀. Àfi ẹni tó bá sún mọ́ wọn ló lè mọ̀. Èdè ọmọ aráyé náà rí bẹ́ẹ̀, ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire ni mo sì fẹ́ fi là á yé wa.

Ilẹ̀ Baoulé ni Bouaké. Ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé ibẹ̀, oníṣòwò láti òkè àríwá sì ń wọ́ wá. Bí èdè Dioula ṣe di èdè ọjà nìyẹn. "Oníṣòwò" gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀, mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ Dioula kò tíì dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí àtẹ ìyá kan tó ń ta tòmátì. O béèrè iye tí òkìtì kan jẹ́, ó ní "mugan." O ti kọ́ òǹkà Dioula, o mọ̀ pé ogún ni mugan, o bá na 20 fránkì sí i. Ìyá á wò ọ́ bí ẹni tó wá rẹ́ ẹ jẹ, nítorí 100 fránkì ló ní kó o mú wá. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó lédè náà: ẹyọ kan jẹ́ 5 fránkì, ogún ẹyọ sì di 100. Kɛmɛ, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú òǹkà, di 500 fránkì lórí àtẹ. O gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ikùn rẹ̀ ni o kò rí.

Ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá. Ìtàn àwọn Baoulé sọ pé láti ilẹ̀ Asante ni Ọbabìnrin Abla Pokou ti kó wọn wá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó sì fi ọmọ rẹ̀ rúbọ kí wọ́n lè gba odò Comoé kọjá. Títí di òní, èdè méjèèjì jọra. Omi tí Asante ń pè ní nsuo, nzue ni lẹ́nu Baoulé. Àmọ́ ẹ wo orúkọ ọjọ́ ìbí. Kofi ọmọ Asante, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i. Koffi ọmọ Baoulé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tiẹ̀. Kwasi ti Asante jẹ́ ọmọ ọjọ́ Àìkú, Kouassi ti Baoulé jẹ́ ọmọ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá fi ti Asante ka ti Baoulé yóò ṣi ọjọ́ ìbí gbogbo ilé kà.

Àwọn ará Filipínì mọ irú èyí. Èdè Tagalog àti Cebuano jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ilé ni bahay nínú Tagalog, balay ni Cebuano ń pè é. Lima ni àwọn méjèèjì ń pe márùn-ún. Ṣùgbọ́n langgam jẹ́ èèrà lẹ́nu Tagalog, ó sì jẹ́ ẹyẹ lẹ́nu Cebuano. Bí ọmọ Manila bá ké pé langgam wà nítòsí, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ọmọ Cebu yóò gbójú sókè. Ní 1937, Ààrẹ Manuel Quezon kéde Tagalog gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà náà, ó ń dun àwọn tó ń sọ Cebuano bí àwọn kan ṣe ń pe èdè wọn ní ẹ̀ka-èdè lásán, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Manila kò lè gbọ́ ọ láìkọ́ ọ. Inú tó ń run nìyẹn.

Ní Côte d'Ivoire, inú rírun náà di ogun. Ẹni tó bá ti òkè àríwá wá, tó ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, Dioula ni ọ̀pọ̀ ń pè é, wọ́n á sì máa fura pé àlejò ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn Sénoufo ìlú Korhogo lókè àríwá ní èdè tiwọn tí kò bá Dioula tan. Àwọn Dioula ìlú Kong náà ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́ kí Faransé tó dá kọ́lónì Côte d'Ivoire sílẹ̀ ní 1893. Kíkó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan wà lára ohun tó da ìlú rú. Ní September 2002, ìjà bẹ́, Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì fún ọdún gbọọrọ.

Kí àwa Yorùbá má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìyí. Ulé ni ọmọ Èkìtì ń pe ilé, usu ló ń pe iṣu, mélòó nínú wa ni kò tíì fi í rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi èdè ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Kí a tó ní èdè méjì jẹ́ ọ̀kan, kí a tó pe onílé ní àlejò, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ògiri, ká bi alángbá léèrè ohun tó ń ṣe é.