Àkókò Àfikún fún Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Ojú Àánú?

Ìlú Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ìlú Olóyè Bọ́lá Ìgè ni, ẹni tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ìran Ìgè ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tálákà. Èyí tí ó kù fún ìran tòní, ní Ẹ̀sà-Òkè àti ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yìí, ni pé kí ẹni tí ó ti wọlé má baà pàdánù odidi ọdún kan nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń di ọdún kan kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láàrin sáà, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò kékeré àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ni ó ń kó 30 tàbí 40 nínú 100 máàkì. Ẹni tí gbèdéke bá kọjá lé lórí níbi tí ó ti ń ṣàìsàn yóò gba òdo. Níbi tí 40 bá ti jẹ́ máàkì ìyege, ẹni tí ó ti pàdánù 40 gbọ́dọ̀ gba 40 nínú 60 tí ó kù nínú ìdánwò àṣekágbá kí ó tó lè yege. Bí kò bá yege, ó di kí sáà kan náà tún padà dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e; òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kàríófà. Bí ó bá bọ́ sí ọdún àṣekágbá, owó ilé-ìwé, owó ilé àti owó oúnjẹ tuntun ni òbí yóò tún máa wá. Ẹni tí ó ń ka HND tàbí oyè yunifásítì tún ní ìṣirò mìíràn láti ṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jáde kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́.

Àjọ NCCE fi ọdún márùn-ún ṣe òpin fún ètò NCE tí ó yẹ kí ó gba ọdún mẹ́ta. Ó hàn gbangba pé òfin mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Ọdún méjì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò sí.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Abiyamọ tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí àárín sáà wà níbẹ̀. Ẹni tí ń fi òru ṣe ọdẹ kí ó lè rí owó ilé-ìwé san wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ ronú sí jù ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀lá-dìde. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo àgbáyé, nítorí náà kò sí olùkọ́ tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí irú wọn ní kíláàsì òun. Àrùn náà kì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Òtútù, òùngbẹ tàbí àárẹ̀ lè gbé ìrora eegun dìde ní òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọjọ́ Ajé lè wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sì padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ojú lásán kò rí àìsàn rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń fura sí jù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ẹni tí ó pa òwe yìí kò sọ pé akólòlò kò mọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní kí ẹlòmíràn bá a pè é. Àsìkò nìkan ni ó tọrọ fún un.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń fún àwọn kan ní àsìkò yìí. Àjọ WAEC ń fi àkókò kún ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti dá ètò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún irú wọn, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Òkèbùkọ́lá darí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀. Láti ọdún 1977 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ sì ti wà ní Ọ̀yọ́, tí ó ń kọ́ olùkọ́ tí yóò mójú tó irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìmọ̀ náà kò jìnnà rárá. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé tán, nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú rere olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni àkókò àfikún kù sí.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ohun tí wọ́n bá ń tọrọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó lè di ohun tí wọ́n ń fi owó rà, tàbí ohun tí ó burú ju owó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó dá nìkan wọlé lọ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan wà ní ipò tí kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fi ọmọ ọlọ́mọ sí. Olùkọ́ olóòótọ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá gba ti ẹnì kan tí kò gba ti ẹlòmíràn, ojúsàájú ni wọn yóò pè é.

Ẹ̀ka Yorùbá tilẹ̀ ní ti tirẹ̀ lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ dá lórí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo kò lè mú oṣù kẹjọ wá sí oṣù karùn-ún nítorí pé gbèdéke ti dé. Ẹni tí ó bá sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún atẹ̀wé tí kò ní àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yóò di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, yóò sì fi bírò fa àmì sórí ojú ewé ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ tí ó ń béèrè fún àmì ohùn pípé, tí kò sì fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ó ń gbà, kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀ dójú àmì.

Àwọn olùkọ́ náà ní ẹjọ́ láti rò. Ìwé dókítà irọ́ wà níta. Kíláàsì kan lè ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò sùn kí iṣẹ́ rẹ̀ lè pé sì lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìdáhùn kan wà nínú ìtàn Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní òṣómàáàlò ń gbé aṣọ kiri ìletò, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kò sí ẹni tí yóò pe òṣómàáàlò ní ọ̀dẹ̀. Àwìn rẹ̀ kò sọ aṣọ di ọ̀fẹ́, ó kàn jẹ́ kí ẹni tí kò ní owó lónìí rí aṣọ wọ̀ ni. Bákan náà, àkókò àfikún kì í ṣe máàkì àfikún. Ìbéèrè kan náà ni, òṣùwọ̀n kan náà ni, ọjọ́ tuntun sì ní òpin.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2010 ló sọ ọ́ di dandan fún ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe àtúnṣe tí ó tọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ abirùn. Ìdá mẹ́rin àkókò ìdánwò ni wọ́n sábà máa ń fi kún ti ẹni tí ó bá yẹ. Kò pọn dandan kí Ẹ̀sà-Òkè tàbí Iléṣà dúró de owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan tó. Kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó má baà máa ro ẹjọ́ rẹ̀ fún olùkọ́ mẹ́jọ. Kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ní ẹ̀ka, tí olùkọ́ iṣẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀, dáhùn láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Kí olùkọ́ mọ ọjọ́ tuntun nìkan. Kò pọn dandan kí ó mọ orúkọ àrùn. Bí wọ́n bá sì ti dá iṣẹ́ àwọn yòókù padà, kí ó fún apẹ́lẹ́yìn ní ìbéèrè mìíràn tí ó wúwo bákan náà. Lórí ìwé èsì, kí wọ́n kọ "kò tíì pé" dípò òdo, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì parí rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Àsìkò náà wọ̀. Ọdún 2022 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Iléṣà di yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì tuntun kò tíì ní àṣà àtijọ́ púpọ̀ láti bá jà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ náà ń tún ìwé ìlànà tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Orí tí ó ń sọ iye owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá pẹ́ forúkọ sílẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Àyè ojú ewé kan péré ni èyí yóò gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.